"Ìwádìí Fi Hàn Pé": Ta Ni Wọ́n Bi Léèrè?

Bí ẹ bá ń gbọ́ rédíò láàárọ̀ ní Ìlọrin, ẹ ó ti mọ gbólóhùn náà. Ìwádìí fi hàn pé fóònù ló ń tú ilé ká. Ìwádìí fi hàn pé fíìmù àgbéléwò ló ń kọ́ àwọn ọmọ ìwòyí ní àfojúdi. Atọ́kùn ètò ò tíì mí kanlẹ̀ tí ìpè á ti máa wọlé. Alájì kan láti Pàkátà á ní ọjọ́ ti pẹ́ tí òun ti ń wí bẹ́ẹ̀. Obìnrin kan láti Gáà-Akanbí á ní àwọn ọkùnrin gan-an ni kí wọ́n lọ wádìí. Kí ètò tó kásẹ̀ nílẹ̀, ẹnì kan á ti tẹ ọ̀rọ̀ náà sórí WhatsApp ẹbí, á sì ní kí gbogbo wa fi ránṣẹ́ sí ẹlòmíì. Ta ni wọ́n wádìí lọ́wọ́ rẹ̀? Níbo? Èèyàn mélòó? Kí ni wọ́n bi wọ́n gan-an? Ìyẹn kì í sí nínú àtẹ̀jíṣẹ́ náà.

Kì í ṣe pé ibi tí ìwádìí ti ń jáde wọ́n wa. Yunifásítì Ìlọrin ti wà láti 1975. Al-Hikmah dé ní 2005, Yunifásítì Ìpínlẹ̀ Kwara ní Màlété dé ní 2009, Landmark ní Òmù-Àrán ní 2011, Summit ní Ọ̀ffà ní 2015, ká má tíì ka àwọn Pólì. Nínú gbogbo wọn, akẹ́kọ̀ọ́ tó bá fẹ́ gboyè gbọ́dọ̀ kọ iṣẹ́ ìwádìí kan, èyí tí gbogbo wa ń pè ní pírójẹ́ẹ̀tì. Àwọn tó wà ní ẹ̀ka ìmọ̀ àwùjọ, ẹ̀ka ìròyìn àti ẹ̀ka ẹ̀kọ́ fẹ́ràn ọ̀rọ̀ ìdílé àti fóònù púpọ̀, nítorí kò gba ẹ̀rọ, kò gba kẹ́míkà, bébà àti ẹsẹ̀ rírìn ló gbà.

Bí wọ́n ṣe sábà máa ń ṣe é nìyí. Akẹ́kọ̀ọ́ á kọ ìbéèrè bí ogún sórí bébà tàbí sórí fọ́ọ̀mù Google. Ìdáhùn mẹ́rin á wà lábẹ́ ọ̀kọ̀ọ̀kan: mo gbà gan-an, mo gbà, mi ò gbà, mi ò gbà rárá. Á tẹ ẹ̀dà igba, á sì pín in fún àwọn tí wọ́n jọ ń gbé họ́sítẹ́ẹ̀lì, fún àwọn ọ̀rẹ́ ní Tanke àti Òkè-Odò, fún ẹni tó ń ṣe POS lẹ́nu géètì. Bí bébà tó padà bọ̀ ò bá pé, àwọn kan wà tí wọ́n máa ń jókòó lóru, tí wọ́n á fi bírò oríṣiríṣi kún ìyókù fúnra wọn. Ẹni tó bá ti gba ilé-ìwé yẹn kọjá mọ ohun tí mò ń sọ. Wọ́n á kó gbogbo rẹ̀ lọ bá ẹni tó mọ kọ̀ǹpútà lò, ìyẹn á bá wọn ṣírò rẹ̀, á fún wọn ní tábìlì tó dùn ún wò. Nígbà tó bá fi máa di orí karùn-ún, ọ̀rọ̀ igba èèyàn ẹnu géètì á ti di ọ̀rọ̀ "ìdílé ní Nàìjíríà".

Mi ò bá àwọn ọmọ náà wí tó bẹ́ẹ̀. Wọn ò rówó wọkọ̀ lọ sí Ẹ̀sìẹ́ àti Ìgbàjà láti lọ kanlẹ̀kùn ilé kọ̀ọ̀kan, olùkọ́ tó ń bójú tó wọn sì ní ogún ọmọ mìíràn lọ́rùn. Ohun tí bébà igba yẹn lè sọ ni pé igba ọ̀dọ́ tó wà nítòsí gbà pé fóònù ń da ilé rú. Ìgbàgbọ́ wọn nìyẹn, ó sì dáa ká mọ̀ ọ́n. Àmọ́ púpọ̀ nínú wọn ò tíì ní ọkọ, wọn ò tíì ní aya. Ìyá tó ń ta ata ní Ìpàta ò sí níbẹ̀. Ẹni tó ń hun aṣọ òfì ò sí níbẹ̀. Bí ẹni tí kò tíì wọlé ọkọ bá sọ fún wa ohun tó ń tú ilé ọkọ ká, a ti gbọ́ èrò rẹ̀, a ò tíì rí ilé náà.

Lórí ọ̀rọ̀ fóònù fúnra rẹ̀, àwọn ìwádìí kan wà tí apá wọn gùn. Ní 2019, Amy Orben àti Andrew Przybylski ti Yunifásítì Oxford yẹ ìdáhùn àwọn ọ̀dọ́ tó lé ní 350,000 wò, láti Amẹ́ríkà àti Gẹ̀ẹ́sì. Wọ́n fẹ́ mọ̀ bóyá ẹ̀rọ ìgbàlódé ń ba ìdùnnú àti àlàáfíà ọkàn àwọn ọmọ náà jẹ́. Wọ́n rí ohun kan, àmọ́ kékeré ni. Nínú gbogbo ohun tó mú kí ọkàn ọmọ kan balẹ̀ ju ti èkejì lọ, ìpín tí ẹ̀rọ ní níbẹ̀ ò ju 0.4 nínú ọgọ́rùn-ún. Jíjẹ pòtétò déédéé fẹ́rẹ̀ẹ́ dọ́gba pẹ̀lú rẹ̀, lílo awò ojú sì burú jù ú lọ. Mi ò tíì gbọ́ kí ẹnikẹ́ni lọ sórí rédíò láti kìlọ̀ fún àwọn òbí nípa pòtétò.

Gbogbo onímọ̀ kọ́ ló gba ìyẹn wọlé o. Jean Twenge àti Jonathan Haidt ní Amẹ́ríkà takú pé bí èèyàn bá da gbogbo ọ̀dọ́ àti gbogbo ẹ̀rọ pọ̀ mọ́ra, ìpalára á fara pamọ́. Ẹ yọ àwọn ọmọbìnrin tó ń pẹ́ lórí ìkànnì ayélujára sọ́tọ̀, wọ́n ní ẹ ó rí i. Àríyànjiyàn náà ò tíì tán. Ohun tó ṣe pàtàkì fún wa ni pé ìhà méjèèjì ń jà lórí ọmọ Amẹ́ríkà àti ọmọ Gẹ̀ẹ́sì, tí ọ̀pọ̀ nínú wọn ní fóònù tirẹ̀ nínú yàrá tirẹ̀. Ní 2010, Joseph Henrich àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ tú u síta pé èyí tó pọ̀ jù nínú ohun tí àwọn onímọ̀ ìrònú ẹ̀dá ń pè ní ìwà ọmọ aráyé, ọ̀dọ̀ àwọn ará orílẹ̀-èdè olówó díẹ̀ ni wọ́n ti kó o. Ní Ìlọrin, fóònù kan lè jẹ́ ti ìyá àti ọmọ mẹ́ta. Òun ni ìwé gbèsè oníbàárà, òun ni báńkì, òun ni bàbá tó wà ní Àbújá fi ń kí àwọn ará ilé. Ẹni tó bá fẹ́ mọ ohun tí irú fóònù bẹ́ẹ̀ ń ṣe nínú ilé ní láti wá wò ó níbí.

Ìṣòro méjì mìíràn tún wà tí kì í jẹ́ kí ìbéèrè orí bébà já gaara. Àkọ́kọ́ ni pé èèyàn ò mọ iye wákàtí tó ń lò lórí fóònù. Nígbà tí àwọn olùwádìí kan kó iṣẹ́ oríṣiríṣi jọ ní 2021, tí wọ́n fi ohun tí àwọn èèyàn sọ wé ohun tí fóònù wọn gbà sílẹ̀, méjèèjì ò bára mu dáadáa. Ẹlòmíì bù kún un, ẹlòmíì sì bù kúrò níbẹ̀. Ìkejì ni èwo ló ṣáájú. Tọkọtaya tí wọn ò bára wọn sọ̀rọ̀ mọ́ láti ìgbà ọdún iléyá ló jókòó sínú pálọ̀ yẹn, tí ọkọ ń tẹ fóònù, tí ìyàwó náà ń tẹ tirẹ̀. Ẹni tó bá wọlé ní ọjọ́ yẹn á ní fóònù ló dá ìjà sílẹ̀. Bébà tí wọ́n kún lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo ò lè yanjú ìyẹn láéláé. Àfi kí wọ́n padà sọ́dọ̀ àwọn èèyàn kan náà lọ́dọọdún, èyí sì wọ́n gan-an.

Ilé Yorùbá kì í ṣe àjèjì sí àwọn olùwádìí. N. A. Fadipe gba oyè ọ̀mọ̀wé ní Lọ́ńdọ̀nù ní 1939 lórí bí àwùjọ Yorùbá ṣe tò. Ó kú ní 1944, iṣẹ́ náà ò sì di ìwé títẹ̀ títí di 1970. Ní àwọn ọdún 1970 yẹn kan náà ni John Caldwell, ọmọ ilẹ̀ Ọsirélíà, fi ohun tó rí nínú ìdílé Yorùbá gbé èrò kan kalẹ̀ ní 1976 tí wọ́n ṣì ń jiyàn lé lórí ní yunifásítì káàkiri ayé. Ó ní ká wo ibi tí ọrọ̀ ń ṣàn sí. Níbi tí ọmọ bá ti ń bá bàbá roko, tó ń bá ìyá kiri ọjà, tó sì ń fowó ránṣẹ́ sílé nígbà tó bá dàgbà, ọmọ púpọ̀ lérè, ẹni tó bí mẹ́jọ kì í ṣe òmùgọ̀ bí àwọn òyìnbó kan ṣe rò. Ọjọ́ tí ìṣàn náà bá yí padà, tí òbí wá ń náwó lé ọmọ lórí tí kò retí pé gbogbo rẹ̀ á padà, ọmọ bíbí á dín. Kí ló ń yí i padà? Caldwell ní kì í ṣe ilé iṣẹ́ ńláńlá. Ilé-ìwé àti ìròyìn ni, àwọn ohun tó ń kó èrò "èmi, ìyàwó mi àti àwọn ọmọ mi" wọ inú agboolé.

Kálukú lè fi ojú ara rẹ̀ wo ìyẹn báyìí. Ẹ wo àkọsílẹ̀ owó tó wọlé àti èyí tó jáde lórí fóònù yín lóṣù tó kọjá, kí ẹ wo iye tó lọ sọ́dọ̀ ìyá, iye tó lọ sí owó ilé-ìwé ọmọ, àti iye tí àbúrò bèèrè tí ẹ ò dáhùn.

Ìlọrin gan-an ti jẹ́ pápá ìdánwò fún ọ̀rọ̀ ìròyìn àti ìdílé. Ní àwọn ọdún 1980, wọ́n gbé ètò ìfètòsọ́mọbíbí sórí afẹ́fẹ́ ní ìlú mẹ́ta, Ìlọrin, Ìbàdàn àti Enugu, láti mọ̀ bóyá rédíò àti tẹlifíṣọ̀n lè mú kí àwọn obìnrin lọ sí ilé ìwòsàn. Phyllis Piotrow àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ tẹ àbọ̀ rẹ̀ jáde ní 1990: àwọn oníbàárà tuntun pọ̀ sí i lọ́nà tó hàn gbangba ní ìlú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Ohun tí mo fẹ́ràn níbẹ̀ ni pé wọn ò gbára lé "ṣé ẹ gbà, àbí ẹ ò gbà" nìkan. Wọ́n wo ìwé ìforúkọsílẹ̀ ilé ìwòsàn, kí ètò tó bẹ̀rẹ̀ àti lẹ́yìn rẹ̀. Ìyẹn náà ní ibi tó kù sí: bí ilé ìwòsàn bá ń dára sí i lásìkò kan náà, ó ṣòro láti mọ èyí tó jẹ́ iṣẹ́ rédíò. Síbẹ̀, ẹsẹ̀ obìnrin tó wọ ilé ìwòsàn ju àmì tí ọmọ ilé-ìwé fi sórí bébà lọ.

Ìwádìí kan tó tóbi gan-an lórí ìdílé ní orílẹ̀-èdè yìí ni èyí tí àjọ ìkànìyàn máa ń ṣe, tí wọ́n ń pè ní NDHS ní ìkékúrú. Wọ́n kọ́kọ́ dán irú rẹ̀ wò ní ìpínlẹ̀ Oǹdó ní 1986, nígbà tí Èkìtì tó múlé gbe wa ṣì wà nínú rẹ̀. Ti gbogbo orílẹ̀-èdè bẹ̀rẹ̀ ní 1990. Ní 2018, wọ́n ṣẹ́ kèké mú àdúgbò 1,400, wọ́n tún ṣẹ́ kèké mú ilé ọgbọ̀n nínú ọ̀kọ̀ọ̀kan, wọ́n sì bá obìnrin 41,821 sọ̀rọ̀. Kèké yẹn ni gbogbo agbára rẹ̀. Kò sẹ́ni tó yan ọ̀rẹ́ rẹ̀, kò sẹ́ni tó dúró sẹ́nu géètì. Ibẹ̀ la ti mọ̀ pé obìnrin kan ní Nàìjíríà ń bí ọmọ mẹ́fà ní ìpíndọ́gba ní 1990, pé ó di 5.3 ní 2018, ó sì di 4.8 nínú ti 2023–24.

Àmọ́ ẹ jẹ́ ká mú fọ́ọ̀mù yẹn wọ agboolé kan ní Pàkátà tàbí Gàmbàrí. Fọ́ọ̀mù náà ní ilé kan ni àwọn tó jọ ń gbé, tí wọ́n jọ ń jẹun, tí wọ́n sì gba ẹnì kan ní olórí. Ó dáa. Nínú agboolé yìí, ìyáálé ń dáná tirẹ̀, ìyàwó kejì ń dáná tirẹ̀ lódìkejì àgbàlá, baálé ilé ń jẹ níbi méjèèjì. Ìyá àgbà wà ní yàrá iwájú, ọmọ-ọmọ rẹ̀ kan láti Òmù-Àrán ń bá a gbé kó lè rí ilé-ìwé lọ. Ọmọkùnrin tó wà ní Lékòó ló ń fowó ránṣẹ́ fún ìrẹsì tí gbogbo wọn ń jẹ, kò sì sí lára wọn. Lókè gbogbo wọn, Mágàjí, olórí agboolé, wà tó ń parí ìjà, tó ń bá wọn fọmọ fọ́kọ. Ilé mélòó nìyẹn? Ẹni tó di fọ́ọ̀mù mú lè kọ mẹ́ta, ọ̀kan nínú wọn sì lè di ilé tí obìnrin jẹ́ olórí rẹ̀, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé ọkọ rẹ̀ ń mu ẹ̀kọ ní ìṣísẹ̀ mẹ́wàá sí ibẹ̀. Ọmọ Lékòó yẹn, tí owó rẹ̀ ń gbé gbogbo rẹ̀ ró, kò sí nínú ìkankan. Nígbà tí àbọ̀ bá jáde, a ó kà á pé ìdílé ń kéré sí i. Ó lè jẹ́ òótọ́. Ó sì lè jẹ́ pé ìkòkò ló ń pọ̀ sí i.

Ẹ tún wo ìbéèrè lórí iye ọmọ. A kì í ka ọmọ fún ọlọ́mọ. Ọmọbìnrin agùnbánirọ̀ kan ò lè kàn jókòó síwájú ìyá ẹni ogójì ọdún kó ní "ẹ̀yin mà, ọmọ mélòó lẹ bí?" Wọ́n ti mọ̀ pé bí wọ́n bá bèèrè bẹ́ẹ̀, ìdáhùn tí wọ́n á gbà ni "Ọlọ́run ló mọye wọn." Nítorí náà wọ́n ń gé e sí wẹ́wẹ́. Ọkùnrin mélòó ló ń gbé lọ́dọ̀ yín? Obìnrin mélòó? Èwo ló wà níbòmíràn? Lẹ́yìn náà ni ìbéèrè tó le jù wá kàn, èyí tó ń bèèrè bóyá ẹ ti bí ọmọ kankan rí tó ké tàbí tó mí, tí kò sì dúró. Ọ̀pọ̀ ìyá ò tíì sọ̀rọ̀ ọmọ bẹ́ẹ̀ láti ọdún tó ti ṣẹlẹ̀. Àwọn èèyàn ní kí wọ́n má sunkún, wọ́n ní òmíràn ń bọ̀. Láti inú ìdáhùn yẹn nìkan la fi mọ̀ pé nínú ẹgbẹ̀rún ọmọ tí wọ́n bí láàyè, 132 ló kú kí wọ́n tó pé ọdún márùn-ún gẹ́gẹ́ bí àbọ̀ 2018, tó sì di 110 nínú ti 2023–24. Ẹni tó bá fi tipátipá bèèrè, tàbí tó kánjú kọjá, ń dín òkú ọmọ kù lórí bébà.

Ìbéèrè nípa lílù àti ìyà nínú ilé tún wà. Òfin wọn lórí ìyẹn le: obìnrin kan ṣoṣo ni wọ́n gbọ́dọ̀ bi nínú ilé kan, kò sì gbọdọ̀ sí etí kẹta. Bí ẹnikẹ́ni bá wọlé, kí abéèrè yára yí ọ̀rọ̀ sí nǹkan mìíràn. Mo máa ń ronú nípa bí ìyẹn ṣe rọrùn tó nínú agboolé tí ìyá ọkọ ń bẹ̀gẹ́ lẹ́nu ọ̀nà, tí ọmọ ń sá wọlé sá jáde, tí aládùúgbò ń wá tọrọ iyọ̀. Bí iye àwọn tó ní wọ́n ń lu àwọn bá kéré ní irú àdúgbò wa, ẹ máa rántí ẹnu ọ̀nà yẹn kí ẹ tó ṣe hàmúdù.

Ìdí tí gbogbo èyí fi di ọ̀rọ̀ ìsinsìnyí ni pé iṣẹ́ náà fúnra rẹ̀ ti mì. Owó ìjọba Amẹ́ríkà ló ń gbé ètò àgbáyé tí NDHS wà lára rẹ̀ ró láti 1984, ìjọba náà sì dá a dúró ní oṣù kejì 2025. Ilé iṣẹ́ àánú Gates gbé owó kalẹ̀ kí àwọn orílẹ̀-èdè tó wà lẹ́nu rẹ̀ lè parí tiwọn. Ti Nàìjíríà ti parí kí èyí tó ṣẹlẹ̀. Ta ni yóò san ti èyí tó kàn? Ìkànìyàn gbogbogbòò náà ò ràn wá lọ́wọ́: 2006 la kà gbẹ̀yìn, nígbà tí Kwara jẹ́ nǹkan bíi mílíọ̀nù 2.37, wọ́n sì sún ti 2023 síwájú.

Ààbò tún dé ilẹ̀kùn wa. Ní 2018, nínú àdúgbò 1,400 yẹn, wọ́n fi 11 sílẹ̀ nítorí pé ìlú ò tòrò. Lẹ́yìn ohun tí a ti rí ní Ìfẹ́lódùn àti Èkìtì Kwara, títí dé ìkọlù ṣọ́ọ̀ṣì Erúkù ní oṣù kọkànlá 2025, kò sí olùwádìí tó gbọ́n tó máa fi ọmọ ènìyàn ránṣẹ́ wọ gbogbo ìletò gúúsù Kwara. Àwọn tó sá wá sọ́dọ̀ ẹbí ní Ìlọrin àti Ọ̀ffà á di àlejò nínú fọ́ọ̀mù ẹlòmíràn, ilé tí wọ́n tì sílẹ̀ á sì di òfo. Ohun tó kù ni fọ́ọ̀mù orí fóònù, èyí tí ẹni tó ní dátà nìkan lè kún. A ti padà sọ́dọ̀ àwọn ọ̀dọ́.

Nítorí náà, bí ẹnì kan bá kan ilẹ̀kùn yín pẹ̀lú bébà, ẹ má lé e, ẹ má sì kàn dáhùn. Ẹ bèèrè lẹ́tà tí ilé-ìwé tàbí àjọ rẹ̀ fún un. Ẹ bèèrè bó ṣe yan ilé yín. Ẹ lè ní ẹ ò dáhùn, ẹ lè dáhùn mẹ́ta kí ẹ fi ìyókù sílẹ̀, kò sí ìjìyà kankan níbẹ̀. Òfin ààbò dátà ti 2023 náà ò sì jẹ́ kí ẹnikẹ́ni kó ọ̀rọ̀ yín pẹ̀lú orúkọ yín kiri bó ṣe wù ú. Lẹ́yìn náà, ẹ bèèrè ibi tí àbọ̀ náà ń lọ. Yorùbá ni wọ́n fi bi yín, èdè Gẹ̀ẹ́sì ni wọ́n máa fi kọ ọ́, ó sì lè bọ́ sínú ìwé ìròyìn àwọn onímọ̀ tí ẹ ní láti san dọ́là kí ẹ tó kà á. Kí ó ṣèlérí pé òun á padà wá sọ ohun tí òun rí fún agboolé, kódà kó jẹ́ ìṣẹ́jú mẹ́wàá lẹ́yìn ìrun Jímọ̀. Ẹni tí kò bá lè ṣe ìyẹn, ẹ jẹ́ kó máa bá tirẹ̀ lọ sílé kejì.